Ẹ Yẹ Ojú Àwọn Ọmọdé Wò ní Ẹnu Ọ̀nà Jẹ́lé-ó-sinmi

Ní àdúgbò Kotobabi ní ìlú Àkrà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwọn ọmọ kéékèèké a máa tò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn wọn. Láàrin irú wọn, níbikíbi tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wà, ni a ti ń rí ọmọ tí olùkọ́ ń pè ní olódo, tí ìyá rẹ̀ ń pè ní olóríkunkun, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í sì í fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sí, nítorí pé bọ́ọ̀lù a ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó tó rí i. Wọ́n ti nà án, wọ́n ti bẹ̀ ẹ́, wọ́n ti gbàdúrà fún un. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe ni pé kí ó yẹ ojú rẹ̀ wò.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè fi ẹjọ́ ojú ara rẹ̀ sùn. Àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ń ṣú mọ̀ pé òun ti ríran rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí a bí ìríran bàìbàì mọ́ kò mọ òmíràn. Ó rò pé bí ayé ti rí lójú gbogbo ènìyàn nìyẹn.

Àwọn àgbà ní, ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àìsàn tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé kì í ṣepin rárá. Kì í pọ́n, kì í wú, kì í dunni. Bí ojú kan bá ríran dáadáa tí èkejì kò sì ríran tó o, ọpọlọ a máa gba ìròyìn tí èyí tí ó dára bá mú wá, a sì pa èkejì tì. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ojú tí a pa tì a máa sọ ìríran nù, bí ẹyinjú rẹ̀ tilẹ̀ mọ́ rekete. Bí a bá tètè mọ̀, kí ọmọ tó pé ọdún méje, awò ojú, pẹ̀lú bíbo ojú tí ó dára fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́, a máa jí ojú tí ó ń sùn náà. Lẹ́yìn ìgbà náà, iṣẹ́ ọ̀hún a máa le sí i ni lọ́dọọdún, títí awò ojú nìkan kò fi ní lè mú ìríran náà padà mọ́.

Ayẹ̀wò náà kò ṣòro. Láti 1862 ni Herman Snellen, dókítà ojú ní ilẹ̀ Holland, ti ṣe pátákó lẹ́tà tí gbogbo ayé mọ̀ dòní. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kò ní láti mọ A yàtọ̀ sí B: lẹ́tà E ni a ó fi hàn án, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjú sókè, sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún tàbí sósì, ọmọ yóò sì fi ìka júwe ibi tí wọ́n kọjú sí. Ohun tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé ni pé ojú kan ni a ó bo kí a tó yẹ èkejì wò. Bí méjèèjì bá là, èyí tí ó dára ni yóò máa dáhùn fún èyí tí kò dára, gbogbo ènìyàn yóò sì lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀ òfo. Ìyá pàápàá lè dán an wò nílé. Bí ọmọ bá dákẹ́ nígbà tí a bo ojú òsì, tí ó sì ń ké, tí ó ń ti ọwọ́ dànù nígbà tí a bo ọ̀tún, kí ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọmọlójú ni ó ń dán funfun, pàápàá nínú fọ́tò, kí ó má ṣe dúró di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀: ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ojú, èyí tí ń pa ọmọ.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé Gánà kò lágbára láti gbógun ti àrùn ojú. Ní 1974, ó wà lára orílẹ̀-èdè méje tí wọ́n pawọ́ pọ̀ láti gbógun ti ìfọ́jú tí kòkòrò etí odò ń fà. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé Gánà ti ṣẹ́gun àrùn ojú trakóómà gẹ́gẹ́ bí ìṣòro gbogbo ìlú, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Ṣùgbọ́n afọ́jú tí ọmọdé ń fi ọ̀pá fà lọ́wọ́ kò ṣeé fi pamọ́. Ojú tí ó ń sùn kò ní ọ̀pá. Ta ni yóò wá sọ̀rọ̀ nítorí rẹ̀?

Láti 2007 ni ìjọba Gánà ti fi ọdún méjì jẹ́lé-ó-sinmi kún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó di dandan. Ọmọ ọdún mẹ́rin ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn tọ olùkọ́ wá. Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ìdènà àrùn tún un sọ ní 2017 pé kí a yẹ ojú ọmọ wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, láàrin ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Àkókò gan-an tí ọmọ Kotobabi ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ nìyẹn.

Ibi tí bàtà ti ń ta ni lẹ́sẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó. Òfin adójútòfò ìlera jáde ní Gánà ní 2003. Ìlànà tí ó tẹ̀lé e ní 2004 fi àyẹ̀wò ojú sára ohun tí ètò náà yóò san owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ó to awò ojú pọ̀ mọ́ eyín àtọwọ́dá láàrin ohun tí kò ní í san owó rẹ̀. Ìlànà yìí ṣàjèjì. Kí ni àǹfààní kí a sọ fún ìyá tí ń ta ata pé ọmọ rẹ̀ kò ríran, kí a sì dá a padà sílé lọ́wọ́ òfo? Fún ọmọ ọdún márùn-ún, awò ojú kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, oògùn ni.

Àwọn Yorùbá tí ń gbé Àkrà kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ti onílé nìkan. Accra New Town, àdúgbò tí kò jìnnà sí Kotobabi, ni a ń pè ní Lagos Town nígbà kan rí. Òfin oṣù kọkànlá 1969 lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn padà sílé, ṣùgbọ́n kò pa ìran wọn rẹ́ níbẹ̀. Òbí tí ó bá ń sọ pé awò ojú ń ba ojú jẹ́, tàbí tí ó ń bẹ̀rù yẹ̀yẹ́ àwọn ọmọdé, kí ó rántí pé yẹ̀yẹ́ olódo le ju ti awò lọ.

Kí ìjọba ìbílẹ̀ gbé pátákó E kọ́ sí gbogbo jẹ́lé-ó-sinmi ní Kotobabi, kí àwọn nọ́ọ̀sì kọ́ àwọn olùkọ́ ní lílò rẹ̀, kí a sì yẹ gbogbo ọmọ tuntun wò ní sáà kìíní. Kí Mínísítà ètò ìlera gbé àtúnṣe ìlànà 2004 náà síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí awò ojú ọmọdé lè wọ inú ètò náà. Ọmọ tí ó wọ jẹ́lé-ó-sinmi lọ́dún yìí ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta péré kí ó tó pé méje.