Ó Ju Kí Ilé Sinmi Lọ: Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, Olùkọ́ Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Síbẹ̀, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ dé àárín wọn, jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n sọ ọ́. Orúkọ náà pa ni lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èrò kan wà nínú rẹ̀ tí kò sunwọ̀n: bí ẹni pé kí ariwo ọmọ kúrò nílé kí ìyá rẹ̀ lè ráyè ni gbogbo iṣẹ́ olùkọ́ wọn. Ìgbésí ayé Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ta ko èrò yìí.

Bí wọ́n bá dárúkọ obìnrin yìí lónìí, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí ni ìjà owó orí tí ó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ jà, èyí tí ó mú kí Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan ní ọdún 1949. Wọn a sì máa rántí ohun tí ojú rẹ̀ rí ní Ìdí-Òro, ní Múṣín, ní ọdún 1977. Àwọn tí ó rántí pé olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni kò pọ̀.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹwàá, ọdún 1900. Ó wà lára àwọn ọmọbìnrin tí Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà Abẹ́òkúta kọ́kọ́ gbà ní ọdún 1914. Ó lọ kàwé sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1919 títí di 1922. Nígbà tí ó padà dé, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó mú ṣe. Ní ọdún 1925, ó fẹ́ Àlùfáà Israel Ransome-Kútì, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà Ìjẹ̀bú-Òde nígbà náà. Nígbà tí ó di ọdún 1928, ó dá kíláàsì kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí wọn kò tíì tó ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Kíláàsì náà wà lára irú rẹ̀ tí ó kọ́kọ́ wáyé ní Nàìjíríà.

Èyí tó àròjinlẹ̀. Obìnrin tí ó ti kàwé dé òkè òkun, ní àkókò tí irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ rárá, kò ka ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣì ń nu imú fún sí iṣẹ́ ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe. Ọwọ́ kan náà ni ó fi kọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Abẹ́òkúta ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà nígbà tí ó yá. Ẹni tí ó ti ṣe sùúrù fún ọmọdé tí kò dá A mọ̀ yàtọ̀ sí B ni yóò lè ṣe sùúrù fún àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí pẹ́ńsù. Yorùbá ni ó sì ń bá wọn sọ ní gbangba, kódà bí òyìnbó bá wà níkàlẹ̀. Ògbufọ̀ ni òyìnbó yóò wá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn jẹ́lé-ó-sinmi tí ó kún Múṣín, Súrùlérè àti Yábàá lónìí. Láti ọdún 1977 ni Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ti sọ pé èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ni kí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa lò láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Àṣìṣe ńlá ni. Ọmọ tí kò tíì gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ yé tán ni wọ́n ń já gbà lẹ́nu rẹ̀. Bí òfin ti wá rí báyìí, ọgbọ́n olùkọ́ nìkan ni ó kù tí yóò gba ọmọ náà sílẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ ju kí ó pa ọmọ lẹ́nu mọ́ lọ ni iṣẹ́ náà ń fẹ́.

Ẹlòmíràn lè sọ pé orúkọ lásán ni jẹ́lé-ó-sinmi. Ṣùgbọ́n ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Níwọ̀n ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ bá ń tijú láti sọ pé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni òun fẹ́ kọ́, tí olówó ilé-ẹ̀kọ́ sì ń fún wọn ní owó tí kò tó nǹkan, orúkọ náà ti di ìwà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí orí wọn pé jù ni ó yẹ kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì máa rọ̀ láti gba iṣẹ́ yìí, nítorí kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ní ọjọ́ 18, oṣù Kejì, ọdún 1977, àwọn ológun ya wọ ilé Fẹlá, ọmọ rẹ̀, ní Ojúlé 14, Agége Motor Road, Ìdí-Òro. Wọ́n ju ìyá arúgbó náà sílẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè, wọ́n sì sun ilé náà. Ara rẹ̀ kò le mọ́ títí tí ó fi kú ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹrin, ọdún 1978. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ ìdílé Ransome-Kútì ni ó dúró síbẹ̀ lónìí. Kí olùkọ́ tí ó bá ń gba ibẹ̀ kọjá rántí kíláàsì ọdún 1928, kí ó sì fi ojú mìíràn wo Àǹtí tí ó ń di àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ mú sọdá títì.