Kọfí Tútù Kọ́, Kọfí Àrẹmọ́jú Ni

Ọ̀rọ̀ kọfí ni mo mú wá lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èdè ni pẹ̀lú.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa kọfí tí a kì í gbé kaná rárá, "kọfí tútù" ni mo pè é. Ohun tí orúkọ náà sọ ni mo sì ṣe: mo da omi híhó sórí kọfí, mo jẹ́ kí ó tutù, mo fi yìnyín sí i. Ó korò bí ewúro! Orúkọ ni ó ṣì mí lọ́nà.

Èdè wa mọ ìyàtọ̀ láàrin sísè àti rírẹ. A máa ń se ewé àgbo. A sì máa ń rẹ egbò àgbo sínú omi ògì. A máa ń rẹ àgbàdo kí a tó lọ̀ ọ́ fún ògì. Rírẹ ni kọfí yìí pẹ̀lú. Omi gbígbóná a máa yára fa kíkan àti ìkorò jáde lára kọfí. Díẹ̀díẹ̀ ni omi tútù ń fa tirẹ̀, ìdí nìyí tí ó fi ń rọ̀ lọ́fun. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nítorí náà ni mo ṣe dábàá "kọfí àrẹmọ́jú": kọfí tí a rẹ títí ilẹ̀ fi mọ́. Orúkọ yìí fúnra rẹ̀ ti kọ́ni ní iṣẹ́ náà.

Ẹ lọ kọfí kí ó rí bí gàrí, kí ó má kúnná jù. Ẹ bu ife kọfí 1 sí ife omi 4, ẹ rò ó pọ̀, ẹ dé e, ẹ gbé e sínú fíríìjì fún wákàtí 12 sí 18. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì. Ẹ má fún èérí rẹ̀, kí omi rẹ̀ lè tòrò. Ẹ má sì tàn ara yín jẹ o: bí kò tilẹ̀ korò, ohun tí ń lé oorun lọ ṣì wà nínú rẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan Yorùbá nínú kọfí. Ó kàn wá. Àwọn ará wa ní agbègbè Kábà, ní ilẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ń gbìn ín. Robusta, tí ó máa ń korò ju Arabica lọ, ni ó wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ta ni rírẹ ì bá tún yẹ jù ú lọ?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ohun tuntun bá dé, ẹ má ṣe sáré túmọ̀ orúkọ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo bí a ti ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó bá a mu lè ti wà nídìí ìkòkò àwọn ìyá wa láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní orúkọ tí ó sàn ju tèmi lọ, kí ó mú un wá.