Ojú Òfurufú Washington: Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Owó

Kò sí bí olówó ṣe lè lówó tó, kò lè ṣàdédé gbé bàálù tirẹ̀ wọ ojú òfurufú Washington. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, 2001, ni ìjọba Amẹ́ríkà sé ibẹ̀ mọ́. Kí awakọ̀ tó súnmọ́ ọn tó nǹkan bíi kìlómítà 55, ó gbọ́dọ̀ ti fi ètò ìrìn-àjò rẹ̀ sílẹ̀, kó gba nọ́ńbà tí rádà yóò fi dá a mọ̀, kó sì máa dáhùn lórí rédíò. Àwọn tó ń lo pápákọ̀ kékeré College Park ní láti tẹ̀ka pẹ̀lú. Ìyà ńlá nìyẹn fún pápákọ̀ kékeré!

Lójú tèmi, ìdáhùn yẹn ló ṣe kókó jù. Lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹfà, 2023, bàálù aládàáni kan gba òkè Washington kọjá. Wọ́n pè é títí, kò dáhùn. Bàálù ogun F-16 lé e bá. Wọn kò yìnbọn lù ú. Fúnra rẹ̀ ló já ní Virginia, ẹni mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀ sì kú.