Ẹ Má Ṣe Fi Àmì Kan Ṣoṣo Ka Ọjọ́ Orí Ìbọn Àtijọ́

Ó ti sú wa láti máa gbọ́ ìdájọ́ àwọn ènìyàn kan lórí ìbọn ìléwọ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tí òkúta ìṣáná fi ń tan iná sí ẹ̀tù. Wọ́n a rí adé àti lẹ́tà G àti R lára irin rẹ̀, wọn a sì kéde pé ti Ọba George Kẹta ni. Ẹ̀rí wo ni wọ́n ní? Ọba mẹ́rin tí a ń pè ní George ni ó jẹ tẹ̀lé ara wọn láti 1714 títí di 1830, lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn sì lò. Ẹni tí ó ka lẹ́tà méjì wọ̀nyí tí ó sì dákẹ́, ọdún 116 ni ó gbé lọ́wọ́, kò tí ì mú ọ̀kan.

Àwọn mìíràn rí ọ̀rọ̀ náà Tower, wọ́n ní inú ilé-ìṣọ́ Lọ́ńdọ̀nù ni a ti rọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Títí di 1764 ni a ń kọ orúkọ alágbẹ̀dẹ àti ọdún sí ara ìbọn àwọn ọmọ-ogun. Nígbà tí a dáwọ́ èyí dúró ni Tower gba ipò wọn. Àwọn oníṣòwò pẹ̀lú tẹ ọ̀rọ̀ kan náà sí ara ìbọn tí wọ́n kó wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti tà.

Ẹnìkan lè wí pé òkúta ìṣáná fúnra rẹ̀ tó ní ẹ̀rí, nítorí pé Àlùfáà Forsyth gba ìwé àṣẹ ní 1807 lórí ọ̀nà tuntun tí kò lo òkúta mọ́. A dá a lóhùn pé a kò ṣíwọ́ rírọ ìbọn olókùúta lọ́jọ́ náà. Ní Liège, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, 1893 ni a tó fi adé lé orí àmì ELG. Nítorí náà, ìbọn olókùúta tí ó bá ru adé yìí kò dàgbà ju ọdún náà lọ, bí ojú rẹ̀ ti wù kí ó gbó tó. Àwọn kan sì wà tí a ti yí padà sí ti ọ̀nà tuntun, tí àwọn oníwọ̀ra sì tún dá padà sí olókùúta, kí owó rẹ̀ lè gòkè.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Ẹ tú ọ̀pá kúrò lára igi, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Òfin 1813 ni ó dá ilé ìdánwò Birmingham sílẹ̀. Ọ̀pá tí ó ru àmì ilé náà kò lè ṣáájú ọdún yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀pá nìkan ni àmì náà jẹ́rìí fún. Ẹ wò ó bóyá igi, ọ̀pá àti ẹ̀rọ bá ara wọn mu, nítorí ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fi iyanrìn bó ìpẹtà ìbọn àtijọ́ kí ó lè dán. Àmì tí a bá bó dànù kò ní padà mọ́, irọ́ tí a bá sì fi dípò rẹ̀ ni ọmọ náà yóò kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀. Ó sàn kí a wí pé, "Láàárín ọdún báyìí sí ọdún báyìí," ju kí a fi ẹnu dídùn bu ọlá fún irọ́.