Ìwé Tí A Kọ Fún Ẹni Tó Ń Wáṣẹ́, Ẹ̀rí Ni

Bismillāhir-Rahmānir-Rahīm.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba, Olùmọ ohun tó pamọ́ àti ohun tó hàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, àṣìṣe ara mi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó má baà dà bíi pé àwọn ẹlòmíràn ni mò ń bá wí.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní mọ́sálásí wa wá bá mi lẹ́yìn ìrun ìṣáì. Ó ń wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣòwò kan tó ń ta símẹ́ǹtì àti irin ìkọ́lé, wọ́n sì ní kó lọ gba ìwé wá lọ́wọ́ àáfà tàbí olùkọ́ tó mọ ìwà rẹ̀. Ọmọ náà kì í pa ìrun àsùbáà jẹ, ìlà iwájú ló máa ń wà, ohùn rẹ̀ sì dùn púpọ̀ tó bá ń ké Kùránì. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé mo mọ̀ ọ́n dáadáa, pé olóòótọ́ ni nínú owó àti nínú ọ̀rọ̀. Mo fọwọ́ sí i, mo tẹ òǹtẹ̀ ilé kéwú wa sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni n kò fún ọmọ náà ní àádọ́ta náírà rí pé kó bá mi ra nǹkan wá.

Oṣù mẹ́jọ kò tíì pé tí oníṣòwò náà fi wá sílé mi. Kò pariwo. Ó yọ ìwé tí mo kọ jáde nínú àpò agbádá rẹ̀, ó tẹ́ ẹ síwájú mi. Ó ní, "Ùstáàsì, ìwé yín yìí ni mo wò tí mo fi kó kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù lé e lọ́wọ́." Símẹ́ǹtì ti lọ, owó ti lọ, ọmọ náà sì ti jẹ́wọ́ pé òun ló ń tà á lẹ́yìn ọ̀gá òun. Owó tí ọkùnrin yìí yá ló fi kó ọjà náà. N kò rí èsì kankan fọ̀ ju pé kó má bínú lọ, ẹ sì mọ̀ pé "ẹ má bínú" kì í san gbèsè. Èmi àti bàbá ọmọ náà jọ lọ bẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ṣètò bí wọn yóò ṣe máa san án díẹ̀díẹ̀. Títí di òní, kò tíì tán.

Ohun tó dùn mí jù ni pé èmi gan-an ni mo máa ń sọ ìtàn tó yẹ kó kọ́ mi lọ́gbọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ìtàn náà wà nínú ohun tí al-Bayhaqī gbà wá. Ọkùnrin kan fẹ́ jẹ́rìí níwájú 'Umar ọmọ Khattāb, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. 'Umar ní òun kò mọ̀ ọ́n, kó lọ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n wá. Ẹnìkan ní òun mọ̀ ọ́n, pé olóòótọ́ ni. 'Umar bi í bóyá aládùúgbò rẹ̀ ni, tó mọ wíwọlé àti jíjáde rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ó ní rárá. Ó bi í bóyá wọ́n ti jọ da owó pọ̀ rí, dínárì àti dírhámù tí a fi ń mọ olóòótọ́. Ó ní rárá. Ó bi í bóyá wọ́n ti jọ rin ìrìn àjò tí a fi ń mọ ìwà ènìyàn. Ó tún ní rárá. 'Umar sọ fún un pé kò mọ ọkùnrin náà. Nínú ẹ̀gbàwá kan, ó fi kún un pé ó ní láti jẹ́ pé inú mọ́sálásí ló ti ń rí i tó ń tẹrí ba tó sì ń gbé e sókè.

Ẹ̀yin ará mi, ohun tí èmi náà ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ìrun ni mo rí, mo sì jẹ́rìí sí owó.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni kì í gba ènìyàn láìjẹ́ pé ó mú orúkọ ẹni méjì tàbí mẹ́ta wá, tí wọ́n lè kọ̀wé sí tàbí kí wọ́n pè lórí fóònù. Àwọn ọ̀dọ́ ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní rẹ́fírì. Kì í ṣe oníduúró. Oníduúró ti gbà pé òun yóò dáhùn fún ohun tó bá bàjẹ́ tàbí tó bá sọnù, òun ni àwọn onímọ̀ fíkíìhì ń pè ní kafīl. Rẹ́fírì kò ní san kọ́bọ̀, ẹnu rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fẹ́. Nítorí pé kò ná an lówó ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe sọ ọ́ di àánú ṣíṣe lásán: ọmọ ń wá oúnjẹ, ẹ jẹ́ ká bá a kọ ọ́ kó dùn. Èrò tèmi ni pé ẹ̀rí ni, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí tí a ń jẹ́ níwájú adájọ́ ṣe jẹ́ ẹ̀rí, nítorí pé ẹlòmíràn yóò gbé ohun ìní rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ lé e.

Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀rí, a mọ ohun tí ẹ̀sìn wí. Nínú Sūratun-Nisā', āyah 135, Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún wa láti dúró lórí déédéé nínú ẹ̀rí, ì báà ṣe pé yóò ta bá àwa fúnra wa, òbí wa tàbí ìbátan wa. Nínú hadīth Abū Bakrah tí Bukhārī àti Muslim gbà wá, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fara ti nǹkan nígbà tó ń ka àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi jùlọ. Nígbà tó kan ẹ̀rí èké, ó dìde jókòó dáadáa, ó sì ń tún un sọ léraléra, títí àwọn sàhábé fi ń wí nínú ara wọn pé ì bá dákẹ́.

Ẹ tún wo Sūratul-Qasas, āyah 26. Ọmọbìnrin Madyan sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó gba Mūsā síṣẹ́, ó ní alágbára àti olùfọkàntán ni ẹni tó dára jùlọ láti gbà. Ohun tó ti fojú ara rẹ̀ rí ló sọ. Mūsā ti bá wọn fún ẹran lómi láàárín èrò, kò sì béèrè owó. Nǹkan méjì tó sọ yẹn náà ni ọ̀gá iṣẹ́ ṣì ń wá títí dòní: ṣé ó lè ṣe iṣẹ́ náà, ṣé ó ṣeé fọkàn tán?

Ẹlòmíràn á wí pé, "Ùstáàsì, bí mo bá mọ àléébù ọmọ náà tí mo sì sọ ọ́, ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ Fātimah ọmọ Qays, nínú Sahīh Muslim. Ọkùnrin méjì ló fẹ́ fẹ́ ẹ, Mu'āwiyah àti Abū Jahm, ó sì lọ gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ Ànábì. Ànábì sọ fún un pé ọ̀pá kì í kúrò léjìká Abū Jahm, pé Mu'āwiyah jẹ́ aláìní, ó sì tọ́ka sí Usāmah ọmọ Zayd fún un. Sàhábé ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tó wá béèrè ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó kan ọ̀rọ̀ náà. Ìdí nìyí tí Imām Nawawī fi ka ìmọ̀ràn mọ́ àwọn ọ̀nà mẹ́fà tí a ti lè mẹ́nu ba àléébù ẹni láìdi ẹ̀ṣẹ̀, nínú ìwé rẹ̀ Riyādus-Sālihīn.

Ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ohun tó kan iṣẹ́ náà nìkan ni a ó sọ. Bí ọkùnrin kan bá ń wá iṣẹ́ dírẹ́bà, tí a mọ̀ pé ó máa ń sá eré àsápajúdé, ẹ sọ ọ́. Bí òun àti ìyàwó rẹ̀ bá ti kọ ara wọn, kí ló kan ọ̀gá ọkọ̀ nínú ìyẹn? Ẹ bò ó láṣìírí.

Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí kì í sábàá wọ wàásù wa. Bí irọ́ ṣe burú nínú ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ náà ni kí a mọ òótọ́ ká gbé e mì. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí mo kọ́ fún ọdún mẹ́fà ní kí n kọ̀wé fún òun. Ọmọ tálákà ni, kò mọ ẹlòmíràn tó ní òǹtẹ̀. Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ jímọ̀. Ó wá, mo ní ọwọ́ mi dí. Nígbà tí mo fi máa kọ ọ́, wọ́n ti gba ẹlòmíràn. Kò bínú sí mi, ó tilẹ̀ dúpẹ́, ọpẹ́ náà sì wúwo fún mi ju èébú lọ. Sūratul-Baqarah, āyah 283, kìlọ̀ pé kí a má ṣe fi ẹ̀rí pamọ́. Nínú Sūratun-Nisā', āyah 85, Ọlọ́hun ṣèlérí ìpín nínú rere fún ẹni tó bá ṣìpẹ̀ rere, ó sì kìlọ̀ fún ẹni tó ṣìpẹ̀ búburú pé òun náà yóò ní ìpín nínú rẹ̀. Ọmọ olówó yóò rí ẹni méjìlá tí yóò sọ̀rọ̀ fún un. Ọmọ tí kò ní ju olùkọ́ rẹ̀ lọ ńkọ́?

Láti ìgbà náà, mo ti fi òfin díẹ̀ lélẹ̀ fún ara mi. Mo máa ń kọ bí mo ṣe mọ ẹni náà àti iye ọdún. Mo máa ń kọ ohun tí mo rí, kì í ṣe ohun tí mo lérò. Ibi tí n kò mọ̀, mo máa ń kọ ọ́ pé n kò mọ̀. N kì í jẹ́ kí ó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Bí ohun tí mo mọ̀ kò bá sì lè ṣe ẹni náà láǹfààní, òun ni mo máa ń sọ fún ṣáájú, lójúkojú, kó lè wá ẹlòmíràn lọ.

Ìyẹn ló nira jù. Láìpẹ́ yìí, ọmọ olùkọ́ mi, ẹni tó fi walá kọ́ mi ní álífù, ní kí n jẹ́ rẹ́fírì fún òun. Iṣẹ́ alábòójútó ilé àwọn ọmọ tó ń gbé nínú ọgbà iléèwé kan ló ń wá. A ti jọ ṣiṣẹ́ rí, mo sì ti gba pàṣán lọ́wọ́ rẹ̀ lára ọmọ ọdún méje. Mo sọ fún un pé n kò lè kọ ọ́ fún iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ kíkọ́ àwọn àgbà, mo ṣe tán, nítorí pé ó mọ tajwīd jù mí lọ. Mo rán an létí Abū Dharr, sàhábé ńlá, tí Ànábì sọ fún pé ó jẹ́ aláìlera fún ipò àṣẹ, pé ìfọkàntán ni. Wọn kò kórìíra rẹ̀, wọn kò sì pè é ní ènìyàn búburú. Ọmọ náà dìde láìdágbére. Bí mo bá kí ìyá rẹ̀ báyìí, ẹnu ni wọ́n fi ń dáhùn.

Ó dùn mí. Ilé wọn ni mo ti jẹun dàgbà. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ọkàn mi bá ń rọ̀ mí láti lọ kọ ìwé náà, àwọn ọmọ tí n kò mọ̀ rí, tí wọn yóò máa sùn sábẹ́ òrùlé yẹn, ni mo máa ń rántí. Àwọn náà ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn mi, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ mi.

Bí wọ́n bá mú fọ́ọ̀mù wá bá yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè 'Umar kí ẹ tó mú bírò.

Kí Ọlọ́hun fi òtítọ́ sí ahọ́n wa, kí Ó pèsè iṣẹ́ halāl fún àwọn ọmọ wa, kí Ó sì dárí àwọn ẹ̀rí tí a ti jẹ́ láìmọ̀ jì wá. Āmīn.