Bí Ẹlẹ́wọ̀n Bá Ṣàìsàn, Ta Ni Yóò Jẹ́rìí Rẹ̀?

Ìyá kan tó ń ta ata nítòsí wa ní Sangisa bi mí láìpẹ́ yìí pé, “Ọmọ mi, bí ara ẹni tó wà lẹ́wọ̀n kò bá yá, tí wọn kò sì tọ́jú rẹ̀, ta ni adájọ́ yóò gbà gbọ́?” Ìbéèrè ńlá ni. Ẹlẹ́wọ̀n kò lè yan dókítà fúnra rẹ̀, kò sì lè jáde lọ ra oògùn. Bí ó bá ké, wọ́n lè ní ó ń díbọ́n ni.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Adájọ́ yóò gbọ́ ti ẹlẹ́wọ̀n, yóò gbọ́ ti aláṣẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n adájọ́ kì í ṣe oníṣègùn. Ìdí nìyí tí abala 68 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 fi gba ilé ẹjọ́ láyè láti gbọ́ èrò ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Òun ni yóò ṣàlàyé irú àìsàn náà, ìtọ́jú tó yẹ, àti bóyá àìtọ́jú ló fa ìpalára. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló le jù, nítorí wọ́n lè sọ pé láti ilé ló ti gbé àìsàn rẹ̀ wá.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Ken Saro-Wiwa, ẹni tí ìjọba ológun yẹgi fún ní Port Harcourt lọ́jọ́ 10, oṣù kọkànlá, ọdún 1995. Lọ́dún 1998, Àjọ Ilẹ̀ Áfíríkà tó ń rí sí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn dá Nàìjíríà lẹ́bi pé ó fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí ìlera dù ú ní àtìmọ́lé. Kókó pàtàkì nínú ìdájọ́ náà ni pé dókítà ọgbà ẹ̀wọ̀n fúnra rẹ̀ ti béèrè pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn, àwọn aláṣẹ sì kọ̀. Àjọ náà ní ojúṣe ìjọba a máa wúwo sí i nígbà tí ènìyàn bá wà níkàáwọ́ rẹ̀.

Lọ́dún 2004, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Port Harcourt sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ fún ẹlẹ́wọ̀n mẹ́rin tó ní kòkòrò HIV, tí wọ́n ṣì ń dúró de ìgbẹ́jọ́: dandan ni kí ìjọba tọ́jú wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti aya ẹni tó wà látìmọ́lé, ẹ má fi ẹnu lásán béèrè dókítà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pa mọ́. Ẹ tọ́jú káàdì ilé ìwòsàn àtijọ́ rẹ̀, nítorí òun ni yóò fi hàn bí ara rẹ̀ ti rí kó tó wọlé. Bí ó bá jáde, ẹ jẹ́ kí dókítà mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá. Ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò lè tọ Office of the Public Defender ti Ìpínlẹ̀ Èkó lọ.

Ẹ̀yin dókítà pẹ̀lú, mo mọ̀ pé kò rọrùn láti jẹ́rìí lórí iṣẹ́ akẹgbẹ́ ẹni. Ṣùgbọ́n ìlà méjì tí ẹ bá fi òótọ́ kọ lónìí lè jẹ́ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ẹlẹ́wọ̀n náà yóò ní lọ́la.