Oúnjẹ Igbó Ni Ewé Tí A Ń Dáná Sun



Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde ọjọ́ ìsinmi fún Ọdún Ìṣẹ̀ṣe, inú gbogbo wa sì dùn. A ti jà fún orúkọ wa àti fún èdè wa; a ṣì ń jà fún ìwọ̀nba igbó tí àwọn tí ń ta ilẹ̀ kò tíì gbà lọ́wọ́ wa. Síbẹ̀, nínú igbó kan náà tí a ń dáàbò bò, ohun kan wà tí a ń fi ọwọ́ ara wa pa run lójoojúmọ́. Ohun náà ni ewé gbígbẹ tí ó bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi.

Ní ọ̀pọ̀ ojúbọ ìlú ńlá tí mo ti dé, ìṣesí wa kò yàtọ̀ síra. Àràbà tàbí ìrókò dúró, a fi aṣọ funfun gbà á ní ọ̀já, a sì fi sìmẹ́ǹtì yí ìdí rẹ̀ ká. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, a ó gbá gbogbo ewé jọ, a ó ṣáná sí i, a ó sì ní ibẹ̀ ti mọ́ tónítóní. Bí ọdún bá wá ń gorí ọdún, tí ẹ̀ka bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti ṣóńṣó, a ó máa bi ara wa léèrè ẹni tí ó ṣe igi náà. Èrò tèmi ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, ebi ni ó ń pa igi bẹ́ẹ̀, àwa tí a ń bọ ọ́ ni a sì ń fi ebi pa á.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí igbó ń jẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ilẹ̀ abẹ́ igbó lọ́ràá dé ìsàlẹ̀ pátápátá, pé ọ̀rá náà ni ó bí igi ńlá. Ní ilẹ̀ òkè wa, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òjò àìmọye ọdún ti fọ èyí tí ó pọ̀ nínú èròjà ilẹ̀ náà lọ. Ẹni tí ó bá ti gbẹ́ kànga mọ̀ pé lẹ́yìn ilẹ̀dú díẹ̀ tí ó wà lókè, ilẹ̀ pupa, yanrìn tàbí yangí ni yóò máa bá pàdé. Inú igi fúnra rẹ̀ àti inú ilẹ̀dú tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni púpọ̀ nínú oúnjẹ igbó wà. Ewé yóò bọ́. Òjò yóò pa á. Ikán, ekòló, ọ̀kùn àti olú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Kí ọdún tó yí po, èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ ti jẹrà. Irun gbòǹgbò tí ó tẹ́ bí ẹní sábẹ́ ewé náà yóò fa èròjà rẹ̀ mu kí omi òjò tó gbé e rì. Èròjà náà yóò gun igi padà, yóò di ewé tuntun, ewé tuntun yóò sì tún bọ́. Gbèsè tí igi jẹ ilẹ̀ ni ó ń san bẹ́ẹ̀ láìsinmi.

Àwọn onímọ̀ ti wọn ìwọ̀n gbèsè yìí. P. H. Nye, onímọ̀ ilẹ̀ tí ó ṣiṣẹ́ ní Gánà, ṣe ìwádìí nínú igbó kan ní Kade tí ó ti tó nǹkan bí ogójì ọdún, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1961. Lórí hẹ́kítà kan, tọ́ọ̀nù bíi 10 ewé àti pàǹtí igi ni ó ń bọ́ sílẹ̀ lọ́dún, náítírójìn inú rẹ̀ sì tó nǹkan bí kílò 200. Àpò yúríà oní-kílò 50 kan kò ní ju kílò 23 náítírójìn lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí igbó náà ń fún ilẹ̀ lọ́dún kan ju ti àpò yúríà mẹ́jọ lọ, láìná kọ́bọ̀.

Bí a bá ṣáná sí ewé yìí ńkọ́? Èyí tí ó pọ̀ jù nínú náítírójìn rẹ̀ yóò bá èéfín lọ sójú ọ̀run. Potasíọ̀mù àti kálísíọ̀mù yóò kù sínú eérú, ṣùgbọ́n eérú kì í pẹ́ lórí ilẹ̀ tí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: atẹ́gùn yóò fẹ́ díẹ̀, àkọ́rọ̀ òjò yóò gbá ìyókù lọ. Àwọn àgbẹ̀ wa mọ èyí. Oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sán tí a sì sun máa ń so dáadáa lọ́dún kìíní àti ìkejì. Lẹ́yìn náà, wọn á ní, “Ilẹ̀ ti ṣá,” wọn á sì fi í sílẹ̀ kí igbó lè gbà á padà, kí ewé lè tún máa bọ́.

Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ mọ́ èdè kò lè ṣàìtọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín. Ajílẹ̀ ni a ń pe ohun tí a fi ń bọ́ ilẹ̀: ohun tí ń jí ilẹ̀. Ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ gbà pé ilẹ̀ a máa sùn, a sì máa jí. Ní 1962, nígbà tí Smyth àti Montgomery tẹ ìwé wọn lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà jáde, orúkọ ìlú wa bí Ìwó, Ẹ̀gbẹ́dá àti Oǹdó ni wọ́n fi pe oríṣiríṣi ilẹ̀ tí wọ́n rí. Ní IITA ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1967, B. T. Kang àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbin agúnmáníyè àti àwọn igi mìíràn ní ìlà-ìlà sáàárín àgbàdo, wọ́n ń gé ẹ̀ka wọn, wọ́n sì ń tẹ́ ewé náà sílẹ̀ kí ó jẹrà. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò gba ọ̀nà náà, nítorí pé iṣẹ́ ẹ̀ka gígé pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ń wá: ọ̀nà tí ewé yóò fi máa bọ́ ilẹ̀ tí a kò jẹ́ kí ó sinmi mọ́. Igbó ojúbọ wa ń ṣe iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀, bí a bá gbà fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìṣẹrì Olówóra gbọ̀ngbọ̀n. Ìtàn Àwórì sọ fún wa pé ọdẹ ni Olófin Ògúnfúnmiire, pé ó ti Ifẹ̀ wá tẹ̀dó sí Ìṣẹrì létí odò Ògùn, kí àwo tó lọ rì ní Èkó. Ọdẹ kì í tẹ̀dó síbi tí kò sí igbó. Lónìí, ilé ti gba orí òkè, ọ̀dà ti gba ojú ọ̀nà, ilẹ̀ tí ó ṣí sílẹ̀ kò ju àyíká igi díẹ̀ lọ. Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá pupa ni ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò. Ibi tí ewé bá bo ilẹ̀, òjò kò rí ojú ilẹ̀ nà. Ibi tí a gbá mọ́lẹ̀ pátápátá ni ó ti ń wọ́ ilẹ̀ lọ.

Àwọn bàbá wa tún ní ààtàn. Èèpo iṣu, ewé ẹ̀kọ, eérú àti ìgbẹ́ adìẹ, ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, níbẹ̀ náà sì ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ ti ń ṣe dáadáa. Lónìí, iṣu ń ti Bẹ́núé wá sí Máìlì 12, tòmátì ń ti òkè Ọya wá, èyí tí ó bá sì bàjẹ́ ń bá ìdọ̀tí ọjà lọ sí àwọn ààtàn ìjọba. Èyí tí ó wà ní Olúṣòsùn, ní Ọjọ́ta, ti ń gba ìdọ̀tí láti 1992. Níbẹ̀, ọ̀rá àti ike dì mọ́ ohun jíjẹrà, atẹ́gùn kò ráyè wọlé, gáàsì tí ń gbiná sì ń kóra jọ sábẹ́. Ní oṣù Kẹta 2018, iná ńlá sọ níbẹ̀. Oúnjẹ kúrò nínú ilẹ̀ Bẹ́núé, kò padà síbẹ̀, kò sì dé ilẹ̀ tiwa.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò ní ejò ń sá pamọ́ sábẹ́ ewé, pé òrìṣà kì í fẹ́ ìdọ̀tí, pé a kò gbọdọ̀ fún àwọn tí ń bú wa ní àyè láti pè wá ní ọ̀bùn. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ibi tí a ń kúnlẹ̀ sí gbọ́dọ̀ mọ́, ọ̀nà tí àwọn àgbà ń gbà wọlé sì gbọ́dọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n gbígbá yàtọ̀ sí sísun. Ewé tí a gbá kúrò níwájú ojúbọ, ẹ jẹ́ kí a dà á sí ìdí igi tí ó ti bọ́, kí a jẹ́ kí ó jìnnà díẹ̀ sí èèpo igi náà. Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti fi igbó sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igbó, ẹ lọ sí Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, hẹ́kítà 75 tí UNESCO gbà wọlé ní 2005.

Nítorí náà, mo bẹ gbogbo ilé Ifá, ilé òrìṣà àti ẹgbẹ́ wa. Ẹ fọ́ sìmẹ́ǹtì kúrò ní ìdí igi, kí omi àti afẹ́fẹ́ lè wọlẹ̀. Ẹ dá iná ewé dúró. Ẹ gbẹ́ ààtàn kékeré kan sí ẹ̀yìn ojúbọ fún obì, èèpo àti ewé tí a ti lò. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ yé gbé ẹbọ sínú ọ̀rá. Ẹbọ tí a dì sínú ewé ń padà sí ọwọ́ Ilẹ̀ tí ó ni ín. Èyí tí a dì sínú ọ̀rá yóò wà níbẹ̀ di ìgbà ọmọ ọmọ wa, ilẹ̀ kò sì ní rí i jẹ. Ta ni a wá rú u fún?

Àwọn àgbà ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Èyí tí a bá jẹ́ kí ó pẹ́ lára ilẹ̀ yóò di ilẹ̀.